Orin Tí Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ògiri

"Bí ohùn yìí bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kọjá ògiri ilé yìí, ẹ fá irùngbọ̀n mi, kí ẹ fi nu bàtà!"

Láwóyìn ló fọ́nnu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó pariwo o. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ jòjòló sùn, ó sì fi àtàǹpàkò lu àyà ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí egungun má baà dún. Bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu ní Òkè-Àárọ̀ nìyẹn láti ọdún mọ́kànlá tí ìjọba ti kan Apẹ̀tù, ẹ̀rọ tó ń fi orin pẹ̀tù sí ìbínú, mọ́ ara ògiri gbogbo ilé. Bí o bá fẹ́ fọ́nnu, ṣe é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí o bá fẹ́ bú ẹnìkejì rẹ, bú u bí ẹni tó ń kì í. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò náà tó fi ohùn dídùn kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sì ti débi ọjà kó tó yé e pé wọ́n ti lé òun nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà," ni Àwẹ̀ró fi dá a lóhùn, ẹ̀rín rẹ̀ dé etí méjèèjì, "orí tí ẹ gbé sọ́rùn yẹn, ṣé kò wúwo fún yín lásán?"

Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Bàbá kan náà ló bí òun àti Láwóyìn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Àṣàkẹ́, ìyáálé, ni ìyá Láwóyìn, òun ló dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn yìí. Àníkẹ́, ìyàwó kejì, ló bí Àwẹ̀ró, ilẹ̀ sì ti gbà á láti ọdún méje. Ẹ wá wo ayé: obìnrin tó bá ìyá Àwẹ̀ró du ọkọ kan fún ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró ń wẹ̀ láràárọ̀, tó ń fi ṣíbí bu ògì sí lẹ́nu, tó ń yí sápá ọ̀tún, tó ń yí sápá òsì.

Ìyá Àgbà ń mu ògì. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń mí. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò sọ. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò ráhùn, ojú rẹ̀ sì wà ní pípadé bí ẹni pé ẹnìkan ló fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

"Aago mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn?" ni Láwóyìn bèèrè.

"Mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Tún un kà."

Àwẹ̀ró fa ìwé kan yọ lábẹ́ ẹní. "'Ẹni tí Apẹ̀tù bá kọrin fún ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí kò fèsì, Àjọ Ìfọ̀kànbalẹ̀ yóò gbé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́, kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi.' Òní ló pé àádọ́rùn-ún. Mo ti ka ọjọ́ náà títí, kò yẹ̀."

"Kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi!" Láwóyìn wa eyín pọ̀. "Wọ́n gbé ìyá Akíntúndé aládùúgbò wa lọ lọ́dún tó kọjá kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi. Ìró rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n tiẹ̀ fi lọ́fínńdà sí i!"

Ohùn rẹ̀ ti ga díẹ̀. Kíá, iná kékeré tó wà lábẹ́ Apẹ̀tù kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ọsàn. Ẹnu bàbà rogodo tó wà lára ògiri sì gbé orin rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí kò jọ pé ó ti jẹ ata rí láyé:

*Rọ̀ bí òwú, ará ilé, rọ̀ bí òwú,*
*Ìbínú kò bímọ, rọ̀ bí òwú.*

Orin kan ṣoṣo tí wọ́n pín fún ilé yẹn nìyẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Láwóyìn ti jẹun sí orin yìí, ó ti sùn sí i, ó ti ṣe ìgbẹ́ gbuuru sí i, ó ti sin bàbá rẹ̀ sí i. Bí eyín bá lè ran ògiri, ìbá ti bu ibi tí obìnrin yẹn wà jẹ.

Ó lọ́ ẹ̀rín mọ́jú, iná padà di àwọ̀ ewé. Ó wá fa ohun kan yọ nínú àpò: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ bíi pálí ìṣáná, bọ́tìnnì méjì lójú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi tún rédíò ṣe, kí ìjọba tó kó gbogbo rédíò ìlú jọ síta gbangba tí wọ́n fi katakata gùn wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹyọ kan ló yè é, asọ̀rọ̀mágbèsì ìyá rẹ̀, alápótí igi, tí Àwẹ̀ró rì mọ́ inú àpò gàrí. Lónìí, ó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí Ìyá Àgbà.

"Fara balẹ̀ gbọ́ mi," ni Láwóyìn wí. "Gbogbo orin inú àwo Bàbá ti wà nínú ẹ̀rọ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́ ní yàrá iwájú. Orin á gba inú afẹ́fẹ́ lásán, á kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wọ yàrá yìí, á kó sínú rédíò abẹ́ ìrọ̀rí. Kò sí okùn láàárín wọn. Etí Màmá nìkan ló máa dé. Olùbẹ̀wò á dúró síbí yìí bí igi iná, kò ní gbọ́ ju Rọ̀-bí-òwú lọ. Màmá á gbọ́ orin ìgbà èwe rẹ̀, á lajú, á sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ó fèsì, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ó tán."

"Ìdánwò àná ńkọ́, tí kò dún ju ẹ̀fọn lọ?"

"Ògiri amọ̀ ló nípọn. Mo ti wá ìrù fún ẹ̀rọ náà láàárọ̀ yìí, kó lè lágbára."

"Ìrù wo?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, má tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró fi aṣọ sínú omi, ó fún un. "Èwo nínú orin Jímọ̀ Afínjú, alápàlà Bàbá, lẹ fẹ́ fi sí i?"

"Èyí tó fi kí Bàbá, nígbà tí Bàbá kọ́ ilé yìí."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró. "Èyí yẹn? Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti gbọ́ ọ dé ìparí rí?"

"Ìparí ti jẹ́? Bàbá kì í jẹ́ káwa ọmọdé dúró ní pálọ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Bí wọ́n bá ti fi àwo yẹn sí i, Ìyá mi á jókòó gbagidi. Kò ní mira, kò ní sọ̀rọ̀. Á tẹjú mọ́ ògiri, á fi ọwọ́ méjèèjì di ìró rẹ̀ mú gírígírí. Ìfẹ́ ló ń jà lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀! Àwọn obìnrin ìgbà yẹn mọ ìfẹ́."

Àwẹ̀ró gbé aṣọ sílẹ̀. "Ẹ fi òmíràn sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ṣáà fi òmíràn sí i, Bọ̀ọ̀dá. Mo bẹ̀ yín."

Láwóyìn wò ó. Èrò kan sì wọ inú rẹ̀, irú èrò tí ọmọ ìyáálé máa ń ní sí ọmọ ìyàwó, tí kì í kú, bí wọ́n tilẹ̀ ti jọ hu ewú. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ohùn rẹ̀ bí oyin:

"Àbí o fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá tèmi lọ, torí pé tìrẹ ti lọ?"

Ẹ̀rín Àwẹ̀ró kò yẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó wà lójú rẹ̀ gbóná. "Ọwọ́ ta ló ń wẹ̀ ẹ́?" ni ó bèèrè jẹ́jẹ́. "Lóṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ yí ìyá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́? Èmi ni mo ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù! Èmi ọmọ orogún!"

Iná di àwọ̀ ọsàn. Obìnrin inú ògiri bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lè dáwọ́ ìjà dúró, wọn kò sì lè jẹ́ kí iná pọ́n. Ni wọ́n bá ṣe ohun tí gbogbo Òkè-Àárọ̀ máa ń ṣe: wọ́n gbé ìjà náà gun orí ohùn orin ògiri.

"*Olójú kòkòrò ni ọ́, àbúrò mi, rọ̀ bí òwú,*" ni Láwóyìn kọ.

"*Aláìmoore ni yín, ẹ̀gbọ́n mi, rọ̀ bí òwú,*" ni Àwẹ̀ró gbè é.

"*Ilé lo ń wò, àbúrò mi!*"

"*Ẹ gbé e jẹ, kí ẹ yó, ẹ̀gbọ́n mi!*"

Inú ìjà aládùn yìí ni wọ́n wà tí ẹnìkan fi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ó mà dùn o. Ilé tó ń kọrin pọ̀!"

Olùbẹ̀wò ti dé. Wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn Àjọ kì í wọ bàtà tó ń dún. Ibídùn lorúkọ rẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, Apẹ̀tù kékeré kan sì wà láyà rẹ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn, ó ń kọrin tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin gìrìpá méjì gbé àkéte kan tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn dání. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ náà ni Láwóyìn tẹjú mọ́.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù," ni Láwóyìn wí.

"Ẹ jẹ́ ó tutù, bàbá," ni Ibídùn dáhùn. Ẹ má gbàgbé pé òfin ti pa 'ẹ má bínú' run ní gbogbo ìlú, nítorí ó dárúkọ ìbínú. "Ọ̀nà kò dí, la ṣe tètè dé. Ẹ jẹ́ ká bi Màmá lọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí òfin ṣe wí."

"Ẹ jẹ́ n lọ bu omi tútù fún yín ná, ọ̀gá."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

Láwóyìn rọra jáde. Bó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sáré wọ yàrá iwájú, ó fa wáyà kan tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó kì í bọ ìdí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà. Ìrù tó ń sọ nìyẹn. Wáyà ìsáṣọ tó wà lẹ́yìnkùlé ló so ó mọ́. Ọpọlọ tó pé! Wáyà gígùn, irin tó dára, kò sẹ́ni tó máa fura sí ohun tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ohun kan ṣoṣo ni kò bọ́ sí i lórí, òun tó jẹ́ ọkùnrin tí kì í sá aṣọ: wáyà náà kò parí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Láti ayé bàbá wọn, agboolé wọn kì í ra wáyà ìsáṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ti ilé dé ilé, ó yí ká ilé mẹ́rìnlá.

Ó gbọ́ ohùn Ibídùn láti yàrá: "Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ wa? Èkíní nìyẹn."

Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni Apẹ̀tù yàrá iwájú há lọ́fun. Obìnrin Rọ̀-bí-òwú sọ pé "Rọ̀ bí ò..." kò sì parí rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan, ohùn tó ti mu ẹmu, tó ti jẹ ata, tó ti sùn lóde, ló bú jáde lára ògiri:

*Mo dé o, Afínjú dé, ẹ pa ajá yín mọ́lẹ̀!*
*Ẹ bá mi kí Bàbá Láwóyìn, ọkùnrin mẹ́ta lójú ọ̀nà,*
*Ó gbé erin lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi tòsì na ìka sí mi...*

Ó bú jáde lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bú jáde ní bálùwẹ̀. Ó bú jáde nílé kejì, nílé kẹta, ní gbogbo ilé mẹ́rìnlá. Láwóyìn tó mọ rédíò tinú-tẹ̀yìn ni kò mọ̀ pé Apẹ̀tù fúnra rẹ̀, rédíò ni! Ìjọba tó ní kí wọ́n gun rédíò mọ́lẹ̀, ohun inú rédíò wọ̀nyẹn náà ló tú, tó rì mọ́ ògiri. Ohùn tó bá sì lágbára jù ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́.

Ní yàrá Ìyá Àgbà, Ibídùn lu àyà ara rẹ̀ pàà, bí ẹni tí aáyán wọ̀ láṣọ. Ara òun náà ló ti ń dún! *Ọkùnrin mẹ́ta lójú ọ̀nà,* ni Apẹ̀tù àyà rẹ̀ ń kọ. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dákẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó ń kọrin láàárín ìka rẹ̀.

Láti ojúde ni ẹnìkan ti kígbe: "Ẹ wá wò ó! Apẹ̀tù mi ya wèrè, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Àtẹ́wọ́ ta. Ọ̀kan nínú gìrìpá méjì yẹn ti ń mi èjìká, èkejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un kó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti ń wá ilẹ̀ tẹ̀.

"Ta ló ń ta ohùn?" ni Ibídùn bèèrè. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti gbẹ. "Òfin kẹrin: orísun kan, ohùn kan. Ẹni tó bá ta ohùn mìíràn sáfẹ́fẹ́, ogójì ọjọ́ ni ní Ilé Ìwòye. Ta ni?"

Láwóyìn gbọ́ ọ láti yàrá iwájú. Gbogbo ìlú ló mọ Ilé Ìwòye. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ bọ̀ kì í bínú mọ́, kì í sì í sunkún. Àbúrò aládùúgbò wọn kan débẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sódò, ẹ̀rín ló fi gba òkú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá.

Kànga wà lábẹ́ fèrèsé. Bó bá ju ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀, ó tán. Ta ló rí i? Omi ló lọ bù. Yóò gbé ife omi wọlé, yóò ya ẹnu, yóò ní "ẹ̀n-ẹ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?" Wọn yóò sì gbé ìyá rẹ̀ lọ. Yóò gba ìró tí wọ́n ti lọ̀.

Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá!" Àwẹ̀ró ni. Kò kọ ọ́ lórin, ó ké e. "Bọ̀ọ̀dá, ìka rẹ̀! Ìka Màmá mì! Ó di ìró mú!"

Ẹ wo Láwóyìn o. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó ti fi ẹ̀rín gbé ọdún mọ́kànlá mì bí egbòogi kíkan. Ó bojú wo kànga. Ó bojú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá gbé ẹ̀rọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé àwo obì, ó sì rìn wọ yàrá ìyá rẹ̀, wáyà ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìrù alángbá.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mò ń ta á."

"Ẹ pa á, bàbá."

"Mi ò pa á."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó tutù..."

"KÒ NÍ TUTÙ!"

Ilé mì. Ọmọ aráyé, ọkùnrin náà kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣì kù lọ́fun òun. "Kò ní tutù! Ọdún mọ́kànlá! Ẹ pa iṣẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín! Bàbá mi kú, ẹ ní ẹkún mi ti kọjá ìwọ̀n, mo rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì! Ẹ gbé àkéte wá gbé ìyá mi, ẹ ti tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó bi í lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ní kí n rẹ́rìn-ín! Inú ń bí mi! Ṣé ẹ gbọ́? Inú-ń-bí-mi! Inú ń bí mi sí ìwé yín, inú ń bí mi sí bàtà yín tí kì í dún bíi ti ológbò, inú ń bí mi sí ògiri!"

Iná pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ṣe Apẹ̀tù: bí ìbínú bá ti ń ga ni orin ń ga, kó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ta ló wà lẹ́nu rẹ̀ lónìí? Bí Láwóyìn ṣe ń ké tó ni Jímọ̀ Afínjú ń ké jù ú lọ, tí àwo ń fò lórí tábìlì. Ìbínú ẹyọ ọkùnrin kan ń gbé àpàlà ga ní ilé mẹ́rìnlá.

"Èmi náà!" ni Àwẹ̀ró dìde. "Inú ń bí èmi náà! Inú ń bí mi sí yín, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ pè mí lólójú kòkòrò!"

"Mo pè ọ́! O kò jẹ́ kí n fi orin sí i!"

"Nítorí ẹ kò gbọ́ ìparí rẹ̀ rí! Ẹ̀yin òmùgọ̀ yìí!"

Orin tún ròkè. Láti ilé tó kàn ni wọ́n ti gbọ́ tọkọtaya kan tí wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá lura wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀, ẹ̀rín gidi.

"Ẹ dákẹ́!" ni Ibídùn ké. "GBOGBO YÍN, Ẹ DÁKẸ́!"

Iná tó wà láyà rẹ̀ pọ́n. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn gìrìpá náà wò ó, ó rọra ní: "Ọ̀gá, ẹ ti bínú o."

"MI Ò BÍNÚ!" ni Ibídùn fi gbogbo ọ̀fun wí, tí orin àyà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀.

Inú ariwo yìí ni orin dé ibi tí Láwóyìn kò gbọ́ rí láyé rẹ̀:

*Ọkọ Àníkẹ́, ẹ kú ilé o,*
*Àníkẹ́ ló ni kọ́kọ́rọ́, Àníkẹ́ ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀,*
*Àníkẹ́ ìyáálé, ẹyinjú olówó,*
*Ẹ bá mi kí Àníkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta gbáko,*
*Kí ẹ tó kí àwọn yòókù.*

Àwọn elégbè gbà á, inú wọn dùn gan-an ni:

*Àwọn yòókù, ẹ ǹlẹ́ o!*
*Àwọn yòókù, ẹ ǹlẹ́!*

Láwóyìn ka àwọn ìyàwó lórí ìka. Ìyàwó méjì péré ni bàbá wọn fẹ́. 'Àwọn yòókù' yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni: ìyáálé gan-an.

Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wolẹ̀. "Mo ní kí ẹ fi òmíràn sí i," ó wí kẹ́lẹ́.

"Ìyá mi..." ni Láwóyìn bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tó jókòó yẹn... tó di ìró mú..."

*Àwọn yòókù, ẹ ǹlẹ́ o!*

Ibùsùn dún. Ọwọ́ àgbàlagbà kan jáde lábẹ́ aṣọ, ó di etí ibùsùn mú. Ọwọ́ kejì tẹ̀lé e. Ìyá Àgbà, tí Àwẹ̀ró ti ń fi ọwọ́ méjèèjì yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta, dá nìkan dìde jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ganrangan. Ó la ojú méjèèjì. Ojú náà mọ́ kedere.

Gìrìpá kan sọ àkéte sílẹ̀ gbì. Àwẹ̀ró wó sórí orúnkún. Láwóyìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, irùngbọ̀n rẹ̀ gbálẹ̀, omi ojú ń dà á lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bí ẹnu mọ́, ẹnu kò ní fi í sílẹ̀:

"Ó jí! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá! Ẹ kọ ọ́ pé ó fèsì! Mo wí fún yín, mo ní orin ló máa wo ìyá mi sàn! Ta ló tún lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Òkè-Àárọ̀?"

Ibídùn ṣí ìwé rẹ̀. "Òfin ní ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀," ó wí. "Màmá... èkejì nìyí... ṣé ẹ ń gbọ́ wa? Kí ló ṣe yín láti oṣù mẹ́ta?"

Ìyá Àgbà wo Ibídùn. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró. Ó wo ẹnu bàbà tó wà lára ògiri, tó ṣì ń kí àwọn yòókù.

"Kò sóhun tó ṣe mí," ó wí. "Odì ni mò ń bá gbogbo yín yàn. Ẹ pa orin yẹn, kí n máa bá a lọ."